Egbò Ìdùbúlẹ̀ Lára Ẹni Tí Wọ́n Ṣe Iṣẹ́ Abẹ Fún: Ìbéèrè Àwọn Tó Ń Dúró Ti Aláìsàn ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́

Nílé ìwòsàn wa níhìn-ín ní orílẹ̀-èdè Benin, láti Kétu dé Pobẹ̀, láti Ṣábẹ dé Àjàṣẹ́, ẹni tó bá gbé aláìsàn wá ló ń dúró tì í. Ọmọ ni o, ìyàwó ni o, àbúrò ni o, òun ló ń tẹ́ ẹní sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, òun ló ń wẹ aláìsàn, òun ló ń yí i, òun ló ń fún un lóúnjẹ. Òun náà ló máa ń kọ́kọ́ rí egbò ìdùbúlẹ̀ bó bá yọ. Ẹ̀yin ni mo kọ ìdáhùn wọ̀nyí fún. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ má gbàgbé pé egbò yìí kì í dúró de ọ̀sẹ̀ kejì. Orí tábìlì iṣẹ́ abẹ ló ti lè bẹ̀rẹ̀, nígbà mìíràn kí wọ́n tó gbé aláìsàn dé orí tábìlì pàápàá.

Kí ni egbò ìdùbúlẹ̀?

Ibi tí eegun bá ti sún mọ́ awọ ló ti máa ń yọ: òkè ìdí níbi tí eegun ẹ̀yìn parí sí, gìgísẹ̀, ìbàdí, kókósẹ̀, ìgúnpá, ìpàkọ́. Bí èèyàn bá dùbúlẹ̀ tí kò yíra, eegun á máa tẹ ẹran ara láti inú, bẹ́ẹ̀dì á máa tì í láti ìta, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tó wà láàárín á pa pọ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní rọ́nà kọjá. Ẹran tí ẹ̀jẹ̀ ò dé, kíkú ló ń kú. Èyí tó wà nítòsí eegun ló sì máa ń tètè kú ju awọ lọ, torí kò lè fara da àìrí ẹ̀jẹ̀ bíi ti awọ. Ìdí nìyẹn tí awọ fi lè wà ní odindi nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ti bàjẹ́.

Escarre, bí wọ́n ṣe ń pè é ní èdè Faransé, ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sínú kánẹ́ẹ̀, ìyẹn ìwé ìtọ́jú aláìsàn. Ìpele mẹ́rin ni wọ́n pín in sí. Ní ìpele kìíní, awọ ò tíì ya, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ló yí padà. Ní ìkejì, òkè awọ ti bó tàbí ó ti lé ròrò. Ní ìkẹta, egbò ti dé ibi ọ̀rá. Ní ìkẹrin, ó ti dé iṣan tàbí eegun. Kì í ṣe àrùn tó ń ràn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ẹnikẹ́ni láti ilé.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ni aláìsàn wa lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Báwo ló ṣe wá ní egbò?

Ìbéèrè yìí ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì ṣe pàtàkì jù.

Ẹ wo ẹni tó sùn nílé. Ilẹ̀ kì í mọ́ kó má yíra, torí bí ibì kan bá ti ń ro ó, ara á gbé ara rẹ̀ kúrò níbẹ̀ láìjí. Ẹni tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ oorun kò ní ìyẹn mọ́. Kò mọ ìrora, kò lè gbé ẹsẹ̀, ibi tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sí ló máa wà títí iṣẹ́ á fi parí. Ẹni tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní eegun ẹ̀yìn lajú sílẹ̀ lóòótọ́, ó tiẹ̀ lè máa bá dókítà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀ kò mọ nǹkan kan, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé e jáde.

Tábìlì iṣẹ́ abẹ kò fẹ̀, kò sì rọ̀. Wọn ò ṣe é fún oorun, wọ́n ṣe é kí aláìsàn má bàa mì. Oògùn oorun sì máa ń mú tàǹsíọ̀n, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, wálẹ̀. Bí tàǹsíọ̀n bá ti wálẹ̀, agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara rẹ̀ dé ibi tí eegun tẹ̀ á dín kù. Yàrá náà tutù, ara aláìsàn á tutù pẹ̀lú, iṣan ẹ̀jẹ̀ ara á súnkì. Omi oògùn tí wọ́n fi fọ awọ ṣáájú abẹ lè ṣàn sábẹ́ ìdí, kí awọ rẹ̀ sínú rẹ̀ títí iṣẹ́ fi parí. Bí iṣẹ́ náà bá ti kọjá wákàtí méjì sí mẹ́ta, ewu bẹ̀rẹ̀ sí í ga, wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá sì gun orí rẹ̀ ń fi kún un.

Ibi tó ti ń tan èèyàn jẹ nìyí: ẹran tó ti bàjẹ́ nínú lórí tábìlì lè má fara hàn lójú awọ títí di wákàtí 48 sí 72. Wọ́n ṣe abẹ lọ́jọ́ Ajé, lọ́jọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀ ni ẹ tó rí i pé òkè ìdí dúdú, ó sì ń wú. Ọ̀pọ̀ ìdílé á ní oògùn ló jó o, tàbí pé ẹ̀rọ iná inú blọ́ọ̀kù, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ló sun ún. Lóòótọ́ ó jọ ibi tí iná jó. Ṣùgbọ́n bó bá wà lórí eegun tí aláìsàn fi dùbúlẹ̀, títẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ fura sí.

Irú iṣẹ́ abẹ wo ló léwu jù?

Èyí tó bá gùn, èyí tó bá jẹ́ pàjáwìrì, àti èyí tí aláìsàn ò ní lè dìde lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ ìbàdí àgbàlagbà tó ṣubú, abẹ eegun ẹ̀yìn, abẹ ọkàn àti ti iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá, abẹ inú tó gba wákàtí púpọ̀. Nínú pàjáwìrì, kò sí àyè láti tún ara aláìsàn ṣe kó tó wọlé. Ó lè ti pàdánù ẹ̀jẹ̀, tàǹsíọ̀n rẹ̀ lè wà nílẹ̀, kí wọ́n sì máa fi oògùn gbé e sókè. Oògùn yìí a máa gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ awọ àti ti ẹsẹ̀ pọ̀.

Bí wọ́n ṣe tẹ́ ẹ ló ń sọ ibi tí ẹ máa wò. Bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ wo ìpàkọ́, pátákó ẹ̀yìn, ìgúnpá, òkè ìdí àti gìgísẹ̀. Bó bá dojú délẹ̀, iwájú orí, àgbọ̀n, ọmú, iwájú ìbàdí, orúnkún àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni. Bó bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, etí, èjìká, ìbàdí àti kókósẹ̀. Kò sí ohun tó burú nínú kí ẹ bi wọ́n léèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe tẹ́ ẹ, wákàtí mélòó ló sì lò?” Ẹ̀tọ́ yín ni.

Ìyá tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí fún kì í sábà ní i, torí iṣẹ́ náà kì í pẹ́, ó sì máa ń dìde ní kíákíá. Àfi bí gìrì bá ti mú un, tàbí ẹ̀jẹ̀ ti dà lára rẹ̀ púpọ̀, tàbí ó tóbi gan-an tí kò sì lè gbé ara rẹ̀. Ẹ wo gìgísẹ̀ rẹ̀ ní gbogbo àsìkò tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ṣì kú tipiri.

Ta ni ó yẹ kí ẹ máa ṣọ́ jù?

Àgbàlagbà lákọ̀ọ́kọ́, torí awọ rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ sì ti tán. Ẹni tó rù, torí kò sí ohun tó dábùú láàárín eegun rẹ̀ àti bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó sanra púpọ̀ náà kò bọ́: ìwọ̀n rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́, òógùn ń dúró sínú ìṣẹ́po ara rẹ̀, ó sì ṣòro fún ẹnì kan láti yí i láìfà á. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, torí iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti dín, ó sì lè máà mọ ìrora ní gìgísẹ̀ rárá. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò tó, ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tí rọpárọsẹ̀ ti mú lápá kan, ẹni tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń bọ́ lára rẹ̀. Ẹni tó ti ní egbò yìí rí, ẹ fi í sí iwájú gbogbo wọn.

Oúnjẹ wà nínú rẹ̀ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé albumin aláìsàn, ìyẹn purotéènì kan tó wà nínú ẹ̀jẹ̀, kò tó gíráàmù 35 nínú lítà kan, àmì kan ni pé ara rẹ̀ lè máà lágbára tó láti dúró ti abẹ, kí wọ́n sì wo oúnjẹ àti àìsàn rẹ̀.

Àwọn nọ́ọ̀sì ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ẹni tó wà nínú ewu. Doreen Norton gbé ọ̀kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1962. Barbara Braden àti Nancy Bergstrom gbé tiwọn jáde ní Amẹ́ríkà ní 1987. Ti Braden ń wo nǹkan mẹ́fà: bí aláìsàn ṣe ń mọ ìrora, ọ̀rinrin ara rẹ̀, ìrìn rẹ̀, bó ṣe ń yíra lórí bẹ́ẹ̀dì, oúnjẹ rẹ̀, àti bí awọ rẹ̀ ṣe ń ha mọ́ aṣọ. Máàkì rẹ̀ wà láàárín 6 sí 23. Bó bá ṣe kéré tó ni ewu ṣe pọ̀ tó, láti 18 wálẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń kà á sí ẹni tó yẹ kí wọ́n ṣọ́. Ìwọ̀n tó dára ni, ṣùgbọ́n kò ka wákàtí tí èèyàn lò lórí tábìlì. Géńdé tí máàkì rẹ̀ dára láàárọ̀ lè jáde ní blọ́ọ̀kù lálẹ́ pẹ̀lú gìgísẹ̀ tó ti bàjẹ́.

Bàbá wa dúró pẹ́ kí wọ́n tó ṣe abẹ náà. Ṣé ìyẹn lè fà á?

Ó lè fà á, ó sì ń ṣẹlẹ̀ níhìn-ín lọ́pọ̀lọpọ̀. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ọ̀nà tí àgbàlagbà kan tó fi ìbàdí ṣubú ní abúlé kan lẹ́yìn Kétu máa ń gbà. Ilẹ̀ lásán ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sí, títí wọ́n fi rí i. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, wọ́n fi igi àti aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wà lórí ẹní ibẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ láìyíra, torí bó bá mira, á ké. Nígbà tí kò dáa, wọ́n gbé e sínú takisí lọ sí Pobẹ̀, láti Pobẹ̀ wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí Àjàṣẹ́. Níbẹ̀, ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì tóóró onítáyà tí wọ́n fi ń ti aláìsàn, títí yàrá fi ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹbí tún ń wá owó abẹ àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára. Kí ọ̀bẹ tó kàn án lára, ìdí rẹ̀ ti gba gbogbo ìyẹn.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ibi tó kọ́kọ́ gbé bàbá rẹ̀ lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé kíka wákàtí ìdùbúlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ṣubú. Ibi yòówù kó wà, kí ẹnì kan máa ki ọwọ́ sábẹ́ gìgísẹ̀ àti òkè ìdí rẹ̀, kí wọ́n tẹ́ nǹkan rírọ̀ sábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n má jẹ́ kó sùn nínú ìtọ̀. Bí ẹ bá sì dé ilé ìwòsàn, ẹ sọ iye ọjọ́ tó ti wà ní ìdùbúlẹ̀ gan-an, ẹ má dín in kù nítorí ìtìjú.

Wọ́n ní ká máa wo ibi tó bá pọ́n. Ara wa dúdú, báwo la ṣe máa rí pípọ́n?

Ẹ ò ní rí i. Ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ni ni wọ́n kọ pẹ̀lú ara òyìnbó lọ́kàn, èyí sì ti mú kí ọ̀pọ̀ egbò kọjá láìsí ẹni tó rí i láti ìpele kìíní. Lára dúdú, ibẹ̀ lè dúdú ju àyíká rẹ̀ lọ, tàbí kó dà bí àwọ̀ àlùkò, tàbí kó máa dán gbinrin. Ẹ wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, lẹ́bàá fèrèsé. Iná fóònù a máa yí àwọ̀ padà.

Ọwọ́ yín sàn ju ojú yín lọ níbi èyí. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan gìgísẹ̀ ọ̀tún, kí ẹ sì kan ti òsì. Èwo ló gbóná jù? Èwo ló tutù jù? Ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ díẹ̀: ṣé ó le ju èkejì lọ, àbí ó ń rọ̀ wọlé bí ìbẹ́pẹ tó ti pọ́n jù? Ẹ bi aláìsàn bóyá ibẹ̀ ń ta á tàbí ń yún un. Bí ibì kan bá yàtọ̀ sí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ gbé aláìsàn kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ pe tantí nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀ kó wá wò ó pẹ̀lú yín. Ẹ ṣe èyí lálẹ́ ọjọ́ abẹ gan-an, kí ẹ tún un ṣe láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e ó kéré tán.

Kí ló yẹ ká sọ fún wọn kí wọ́n tó gbé e wọ blọ́ọ̀kù?

Bó bá ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, bó bá ń mu sìgá, bó bá ti rù láìpẹ́ yìí, bí ibì kan bá wà lára rẹ̀ tí kò ti mọ ìrora, bí orúnkún tàbí èjìká rẹ̀ ò bá ká dáadáa, bó bá ti ní egbò ìdùbúlẹ̀ rí. Ẹ sọ oògùn tó ń lò. Gbogbo èyí ni ẹni tó ń fún un ní abẹ́rẹ́ oorun àti ẹni tó ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì máa fi mọ ibi tó yẹ kí wọ́n fi nǹkan rírọ̀ sí.

Ẹ̀ẹ̀mélòó ló yẹ ká máa yí i padà, báwo la sì ṣe ń ṣe é?

Wákàtí méjì-méjì ni wọ́n ti ń kọ́ wa láti ọjọ́ pípẹ́. Bí bẹ́ẹ̀dì bá ní tìmùtìmù tó dára, tí awọ kò sì yí padà, wọ́n lè fà á gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí tìmùtìmù tó ti tẹ́ pẹlẹbẹ, tí ọwọ́ yín ń kan irin lábẹ́ rẹ̀, ẹ má kọjá méjì. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà bóyá abẹ tí wọ́n ṣe gbà á láyè láti yí, pàápàá abẹ eegun ẹ̀yìn àti ìbàdí. Bó bá jẹ́ pé ìrora ni kò jẹ́ kó gbà, ẹ ní kí wọ́n fún un ní oògùn ìrora kí ẹ tó yí i. Aláìsàn tí ìrora mú kì í yíra, ìyẹn náà sì jẹ́ ewu lọ́tọ̀.

Ẹ má yí i kó fi ìbàdí dúró ṣánṣán. Ẹ fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn kó rọ̀gbọ̀kú díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ìwọ̀n dígírì 30, kí ìwúwo rẹ̀ bọ́ sórí ẹran ìdí dípò eegun. Ẹ má gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè púpọ̀ fún ìgbà pípẹ́, torí á máa yọ̀ wálẹ̀: awọ á lẹ̀ mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, eegun á máa lọ nínú, àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ àárín wọn á fà ya. Bó bá jẹun tán, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ padà, bí dókítà ò bá sọ ohun mìíràn. Nítorí ìdí kan náà, ẹ má fa aláìsàn nípa apá. Ẹ tẹ́ aṣọ sábẹ́ rẹ̀ láti èjìká dé itan, kí èèyàn méjì di ẹ̀gbẹ́ aṣọ náà mú, kí wọ́n gbé e.

Ti gìgísẹ̀ rọrùn, òun sì ni wọ́n ń gbàgbé jù. Ẹ fi ìrọ̀rí sí abẹ́ ojúgun, ní gígùn, kí orúnkún ká díẹ̀, kí gìgísẹ̀ sì wà lófuurufú. Bí bébà kan bá lè kọjá lábẹ́ gìgísẹ̀ láìfara kàn án, ẹ ti ṣe é dáadáa. Bí ẹ ò bá ní ìrọ̀rí, ìró méjì tí ẹ ká pọ̀ tó.

Bí dókítà bá ti ní kó dìde, ẹ jẹ́ kó dìde. Jíjókòó láti àárọ̀ di ọ̀sán lórí àga náà kì í ṣe ìsinmi fún ìdí: kó máa tì ara rẹ̀ sókè, kó máa yẹra sọ́tùn-ún sósì, ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ọgbọ̀n.

Ṣé ká fi òrí fọwọ́ ra ibi tó dúdú? Ṣé ká ṣe òṣùká sábẹ́ ìdí rẹ̀?

Rárá sí méjèèjì. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú kí ọmọ máa fi òrí tàbí àdín ra ìdí ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ibi tí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà, ẹran abẹ́ rẹ̀ ti farapa. Fífọwọ́ ra á gidigidi á tún fi kún un. Ẹ lè fi òrí pa awọ tó gbẹ níbòmíràn lọ́wọ́ fúyẹ́, pàápàá ní àkókò ọyẹ́. Ọtí tí wọ́n fi ń nu ojú abẹ́rẹ́ náà ò dára níbẹ̀, ó ń gbẹ awọ.

Òṣùká, àti rọ́bà táyà inú tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sí, ń gbé àárín sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń tẹ ẹran yíká, kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé àárín náà mọ́. Ìbọ̀wọ́ nọ́ọ̀sì tí wọ́n rọ omi kún sábẹ́ gìgísẹ̀, ẹ má lò ó.

Rọ́bà àti nǹkan tí wọ́n so mọ́ ọn lára ńkọ́?

Ohun líle yòówù tó bá ń tẹ ara lè fa egbò. Rọ́bà ìtọ̀ tó wà lábẹ́ itan, okùn ọ́síjìn lẹ́yìn etí, ojú ihò imú tí rọ́bà gbà wọlé, etí pílátà, ìyẹn ohun líle funfun tí wọ́n fi ń di eegun tó ṣẹ́, tó ń gún ẹsẹ̀. Ẹ má tú u fúnra yín, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Bí ẹni tí wọ́n dì ní pílátà bá ń sọ pé ibì kan ń jó òun nínú rẹ̀, ẹ gbà á gbọ́.

Ó ń làágùn púpọ̀, wọ́n sì fi ike bo tìmùtìmù.

Ní Ṣábẹ ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, ooru kì í ṣe kékeré. Ẹ tẹ́ aṣọ òwú kan ṣoṣo lé ike náà, kó má ní ìṣẹ́po, kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti tutù. Bí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ bá kan ara, ẹ fi omi àti ọṣẹ tí kò le fọ̀ ọ́, ẹ fi aṣọ tẹ̀ ẹ́ gbẹ, ẹ má nù ún gírígírí.

Kí ni kó máa jẹ?

Ẹ̀kọ lásán kò tó. Ẹni tí ara rẹ̀ ń wo abẹ sàn, tí ewu egbò sì wà lára rẹ̀, nílò purotéènì tó tó gíráàmù 1.25 sí 1.5 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n lójúmọ́. Ẹni tó wọ̀n kílò 60, ìyẹn jẹ́ 75 sí 90. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6. Ẹ̀wà, ọ̀lẹ̀lẹ̀, ẹja, ẹran, àti wàgàṣì tí àwọn Fúlàní ń tà lójú ọ̀nà Ṣábẹ, gbogbo wọn ló dára. Bí kò bá lè jẹun púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, díẹ̀díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni. Ẹ pò ẹyin tàbí ẹ̀pà lílọ̀ mọ́ ẹ̀kọ mímu rẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa gbọ́dọ̀ gba ìwọ̀n tirẹ̀ lọ́wọ́ dókítà.

Egbò náà ti ṣí. Kí la máa ṣe?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí aláìsàn má fi ibẹ̀ dùbúlẹ̀ mọ́ rárá. Kò sí oògùn tó lè wo ibi tí eegun ṣì ń tẹ̀. Omi iyọ̀ ilé ìwòsàn ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́. Ẹ má da eérú sí i, ẹ má tú ìyẹ̀fun inú kápúsù sí i, ẹ má fi ewé tí a gún bò ó. Ẹran dúdú tó ti kú, iṣẹ́ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì tó kọ́ ọ ni láti gé e kúrò.

Agbègbè Pobẹ̀ àti Kétu mọ egbò Buruli, ilé ìwòsàn tó ń tọ́jú rẹ̀ sì wà ní Pobẹ̀, nítorí náà àwọn kan máa ń ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ti Buruli, kòkòrò ló ń fà á. Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí kókó tí kò dunni lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń mú. Oògùn tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ẹ bá ṣiyèméjì, ẹ fi hàn wọ́n.

Ṣé ẹ̀bi àwọn nọ́ọ̀sì ni?

Nígbà mìíràn, ìtọ́jú ló kù díẹ̀ káàtó. Nígbà mìíràn, aláìsàn ti dé ẹnu ikú, ó sì di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni èèyàn lè dènà. Nọ́ọ̀sì kan tó ń ṣọ́ wọ́ọ̀dù tó kún lálẹ́ kò lè yí gbogbo aláìsàn ní wákàtí méjì-méjì láìsí ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ní kó kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń yí i, kí ẹ jọ pín òru ṣe.

Wọ́n ti ní ká máa lọ sílé. Nígbà wo la gbọ́dọ̀ padà?

Ẹ padà lọ́jọ́ náà gan-an bí ara rẹ̀ bá gbóná, bí egbò bá ń rùn tàbí ń ṣọyún, bí àyíká rẹ̀ bá ń wú tó sì ń gbóná, bí ẹ bá rí eegun nínú rẹ̀, bí aláìsàn bá ń sọ̀rọ̀ tí kò yé èèyàn tàbí tí oorun rẹ̀ pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àwọ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà tí awọ ò tíì ya, ẹ gbé e kúrò lórí ibẹ̀. Bí kò bá padà sípò láàárín ọjọ́ kan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú tó sún mọ́ yín. Ẹ mú kánẹ́ẹ̀ dání. Bí ọ̀nà bá jìn, ẹ tẹ́ tìmùtìmù sí ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀, kó fi ẹ̀gbẹ́ tí kò ní egbò dùbúlẹ̀.